Dìgírì Ìgbaninímọ̀ràn ní Kàdúná: Kí Owó Mọ Níwọ̀n, Kí Ẹ̀kọ́ sì Yè Kooro

Ní ọjọ́ 28, oṣù Kẹta, ọdún 2022, àwọn agbébọn dá ọkọ̀ ojú irin tí ó ń ti Àbújá bọ̀ wá sí Kàdúná lọ́nà. Wọ́n fi àdó olóró ba ojú irin jẹ́, wọ́n yìnbọn pa ènìyàn, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ èrò wọ inú igbó lọ. Ó di ọjọ́ 5, oṣù Kẹwàá, ọdún kan náà kí àwọn tí ó kẹ́yìn nínú ìgbèkùn náà tó padà sọ́dọ̀ ẹbí wọn. Ìjọba tún ojú irin náà ṣe, ọkọ̀ sì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kejìlá. Ṣùgbọ́n ọkàn ènìyàn kò ṣe é jó pọ̀ bí irin.

Ojú Kàdúná ti rí nǹkan. Ìlú náà kò tíì gbàgbé rògbòdìyàn tí ó bẹ́ sílẹ̀ lórí òfin Ṣàríà ní ọdún 2000, àti òmíràn tí ó tẹ̀ lé e ní oṣù Kọkànlá ọdún 2002. Ní oṣù Keje ọdún 2021, wọ́n jí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún gbé ní ilé-ẹ̀kọ́ girama Bethel Baptist. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, wọ́n tún kó àwọn ọmọ ilé-ìwé lọ ní ìlú Kuriga, ní ìpínlẹ̀ kan náà. Lẹ́yìn irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọmọ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ilé-ìwé, àgbàlagbà lè máa ta gìrì láti ojú oorun, ariwo ọ̀kadà lásán sì lè máa dún bí ìbọn ní etí ẹni tí ó ti wà ní ìgbèkùn. Ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ bí a ṣe ń tẹ́tí sí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n nílò.

Kì í ṣe Kàdúná nìkan. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní ọdún 2019, ẹnì kan nínú ènìyàn mẹ́jọ lágbàáyé ni ó ní ìṣòro ìlera ọpọlọ, iye wọn sì jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 970. Ní Nàìjíríà, àwọn dókítà ọpọlọ kéré gan-an sí iye ènìyàn tí ó wà ní orílẹ̀-èdè náà. Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀dọ́, àwọn olùkọ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera púpọ̀ fi ń ronú láti kọ́ ẹ̀kọ́ ìgbaninímọ̀ràn. Ìbéèrè tí ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn ni pé: èló ni?

Ìbéèrè náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò tíì pé. Àwọn àgbà ní ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á. Síbẹ̀, owó lè pa ọbẹ̀ kí ọbẹ̀ náà má dùn. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, dìgírì tí ó pọ́ọ́kú jù ni èyí tí iye rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kò kọjá agbára akẹ́kọ̀ọ́, tí ìjọba fọwọ́ sí, tí ó sì kọ́ ẹni náà dé ibi tí yóò ti lè jókòó ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ láìṣe é léṣe. Bí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí bá yẹ̀, owó náà ṣòfò, bí ó ti wù kí ó kéré tó.

Ẹ̀kọ́ wo gan-an ni?

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń pàdánù owó nítorí pé wọn kò mọ̀ pé ọ̀nà tí ó wọ inú iṣẹ́ yìí ju ẹyọ kan lọ.

Ọ̀nà kìíní ni ẹ̀kọ́ ìtọ́sọ́nà àti ìgbaninímọ̀ràn, tí ó máa ń wà lábẹ́ ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ní fásitì. Dìgírì B.Ed. ni akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń gbà níbẹ̀. Ilé-ìwé ni iṣẹ́ rẹ̀ wà jù: ó ń ran ọmọ lọ́wọ́ láti yan iṣẹ́ àti ẹ̀kọ́, ó ń dá sí ọ̀rọ̀ ọmọ tí ó ń sá kúrò ní kíláàsì, ó sì ń ṣe alárinà láàárín òbí àti olùkọ́.

Ọ̀nà kejì ni ìmọ̀ nípa ọkàn àti ìhùwàsí ẹ̀dá, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí sàíkọ́lọ́jì. Abẹ́ ẹ̀ka ìmọ̀ àwùjọ ni ó sábà máa ń wà, B.Sc. sì ni oyè rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́ nípa ìrántí, ìmọ̀lára, ìdàgbàsókè ọmọdé, ìwádìí àti ìṣirò ìwádìí. Ìpìlẹ̀ tí ó gbòòrò ni, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin yìí nìkan kò sọ ènìyàn di ẹni tí ó lè tọ́jú aláìsàn.

Ọ̀nà kẹta ni sàíkọ́lọ́jì ìgbaninímọ̀ràn gan-an. Ní ọ̀pọ̀ fásitì Nàìjíríà, ìgbà tí ènìyàn bá ń ka dìgírì kejì ni orúkọ yìí máa ń jẹyọ. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni sàíkọ́lọ́jì ti ilé-ìwòsàn wà, èyí tí ó tún ń béèrè pé kí akẹ́kọ̀ọ́ lo àkókò ní ilé-ìwòsàn lábẹ́ àgbà nínú iṣẹ́. Dókítà ọpọlọ yàtọ̀ sí gbogbo wọn: ìmọ̀ ìṣègùn ni ó kọ́kọ́ kà, òun ni ó sì ní àṣẹ láti kọ oògùn fún aláìsàn.

Ìyàtọ̀ yìí kan àpò ènìyàn tààrà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ láàárín àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní Tudun Wada tàbí Kakuri lè rí ohun tí ó ń wá nínú B.Ed. Ẹni tí ó bá ń fojú sọ́nà fún iṣẹ́ sàíkọ́lọ́jì ní irú ibi bí ilé-ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Barnawa, ní Kàdúná, gbọ́dọ̀ mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé dìgírì kejì ń bẹ níwájú, kí ó sì ti ṣírò owó rẹ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí ó fẹ́ ṣe, kí ó tó wá ẹ̀kọ́ tí yóò gbé e débẹ̀.

Gbòǹgbò ẹ̀kọ́ náà ní Nàìjíríà

Kí fásitì tó dé ni Yorùbá ti mọ iyì ìmọ̀ràn. Wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ ìwé, ìlú Boston ní Amẹ́ríkà ni Frank Parsons ti dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ ní ọdún 1908 láti máa tọ́ àwọn ọ̀dọ́ sọ́nà lórí iṣẹ́ tí ó bá wọn mu. Ní Nàìjíríà, ilẹ̀ Yorùbá ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1959, àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Kátólíìkì ní St. Theresa's College, Òkè-Àdó, Ìbàdàn, pe àwọn tí ó mọ̀ nípa iṣẹ́ oríṣiríṣi wá bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin 60 tí ó fẹ́ jáde sọ̀rọ̀. Ìtàn sọ pé 54 nínú wọn ni ó rí iṣẹ́. Ìbàdàn kan náà ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ àwọn olùgbaninímọ̀ràn ní Nàìjíríà, tí ó ń jẹ́ CASSON, sílẹ̀ ní ọdún 1976.

Ìlú Abẹ́òkúta náà fi apá kan kún ìtàn yìí. Ní Arò, láti ọdún 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lámbò gba àwọn aláìsàn ọpọlọ láyè láti máa gbé ní abúlé ìtòsí pẹ̀lú ẹbí wọn nígbà tí wọ́n ń gba ìtọ́jú. Ẹ̀kọ́ tí ó fi sílẹ̀ fún àwọn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn ni pé ẹbí àti àdúgbò jẹ́ apá kan nínú ìwòsàn. Olùgbaninímọ̀ràn tí kò mọ ẹbí, ẹ̀sìn àti èdè ẹni tí ó jókòó síwájú rẹ̀, ìdajì ọ̀rọ̀ ni yóò gbọ́.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ di èyí tí ààrẹ fọwọ́ sí. Ó rọ́pò òfin àtijọ́ tí ó wà láti ayé àwọn Òyìnbó amúnisìn, èyí tí orúkọ rẹ̀ pàápàá ń pe aláìsàn ní wèrè. Òfin náà jẹ́ kí ó hàn kedere pé ẹni tí ara ọpọlọ rẹ̀ kò dá ní ẹ̀tọ́. Láti mú un ṣẹ, àwọn òṣìṣẹ́ tí ó kọ́ṣẹ́ dójú àmì ni yóò gbà.

Òǹtẹ̀ ìfọwọ́sí ṣáájú owó

Àjọ tí ó ń mójú tó àwọn fásitì ní Nàìjíríà, NUC, kì í fọwọ́ sí fásitì nìkan. Ó ń yẹ ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan wò pẹ̀lú. Nítorí náà, fásitì lè ní ìwé àṣẹ ìjọba kí ẹ̀kọ́ kan nínú rẹ̀ má ní ìfọwọ́sí. Ohun mẹ́ta ni ó lè tẹ̀yìn àyẹ̀wò náà jáde. Ẹ̀kọ́ tí ó bá yege pátápátá yóò gba ìfọwọ́sí ọdún márùn-ún. Èyí tí ó ní àbùkù tí ó ṣe é tún ṣe yóò gba ti ọdún méjì, wọn yóò sì padà wá wò ó. Èyí tí kò bá yege kò gbọdọ̀ gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé: ìgbà wo ni NUC wá wo ẹ̀kọ́ yìí kẹ́yìn, kí sì ni èsì rẹ̀?

Bí àyẹ̀wò náà bá fi hàn pé méjì nínú àwọn fásitì tí ó wù ú ni ó yege, àfiwé kò tíì parí. Ètò ẹ̀kọ́ tuntun tí NUC bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2023 fi ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún lélẹ̀ fún gbogbo fásitì, ó sì fi ìdá 30 tí ó kù sílẹ̀ fún fásitì kọ̀ọ̀kan láti fi ohun tí ó bá àyíká rẹ̀ mu kún un. Inú ìdá 30 yìí ni ìyàtọ̀ wà. Fásitì kan lè fi ẹ̀kọ́ nípa ìtọ́jú àwọn tí ogun tàbí ìjínigbé kàn sí i, òmíràn lè fi ti ọjà àti òwò sí i. Ẹni tí ó ń gbé Kàdúná mọ èyí tí yóò wúlò fún un jù.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí ó gba dìgírì ní orílẹ̀-èdè Benin àti Tógò jẹ́ àríkọ́gbọ́n. Ní ìparí ọdún 2023, oníròyìn kan láti Nàìjíríà fi hàn pé òun gba dìgírì ní fásitì kan ní Kùtọnù láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré, ẹ̀kọ́ tí ó yẹ kí ó gba ọdún mẹ́rin. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ dá gbígba ìwé ẹ̀rí láti orílẹ̀-èdè méjèèjì dúró, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Láàárín ọdún náà, ìjọba kéde pé àwọn tí wọ́n ní ayédèrú ìwé ẹ̀rí láti ibẹ̀ lé ní 22,000, àti pé fásitì mẹ́jọ péré ni wọn yóò máa kà sí. Àwọn tí ó fi tọkàntọkàn kàwé níbẹ̀ náà kò bọ́ nínú ìfura. Ohun tí ó pọ́ọ́kú ní ọjọ́ tí wọ́n rà á di ohun tí ó wọ́n jù.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ JAMB. Akẹ́kọ̀ọ́ tí fásitì bá gbà wọlé láìsí ìwé ìgbàwọlé láti ọ̀dọ̀ JAMB yóò rí ìṣòro nígbà tí ó bá fẹ́ lọ sin ilẹ̀ baba rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀, ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ sì ń béèrè ìwé ẹ̀rí ìsìnlú yìí.

Ibi tí ẹ̀kọ́ náà wà

Fásitì Ahmadu Bello ní Zaria, tí ó ṣí ilẹ̀kùn ní ọdún 1962, ni ó súnmọ́ Kàdúná jù nínú àwọn ògbólógbòó. Ó ní ẹ̀ka kan tí ó wà fún sàíkọ́lọ́jì ẹ̀kọ́ àti ìgbaninímọ̀ràn. Fásitì ìjọba àpapọ̀ ni. Ìlànà ìjọba ni pé irú fásitì bẹ́ẹ̀ kì í gba owó ìkọ́ni lọ́wọ́ ẹni tí ó ń ka dìgírì àkọ́kọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ìforúkọsílẹ̀, ìdánwò, ibùgbé àti irú wọn wà, tí wọ́n sì ti ń ga sí i ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí.

Láàárín Kàdúná fúnra rẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn ológun, NDA, ní ẹ̀ka sàíkọ́lọ́jì. Dìgírì àkọ́kọ́ rẹ̀ wà fún àwọn tí ó ń kọ́ṣẹ́ ológun, ṣùgbọ́n ẹ̀ka tí ó wà fún dìgírì gíga ń gba àwọn tí kì í ṣe ológun pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá ti ní dìgírì àkọ́kọ́, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ìlú náà, lè lọ béèrè níbẹ̀.

Fásitì ìpínlẹ̀ Kàdúná, KASU, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2004, fi bí owó ṣe ń yí padà hàn. Ní ọdún 2021, ìjọba ìpínlẹ̀ náà fi owó kún owó ilé-ìwé, ó sì ni ọ̀pọ̀ òbí lára. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, Gómìnà Uba Sani kéde pé wọ́n dín in kù láti 150,000 náírà sí 105,000 náírà. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé iye tí ẹ̀gbọ́n san ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn lè má jẹ́ iye tí àbúrò yóò san. Ìwé owó ti ọdún tí ènìyàn fẹ́ wọlé gan-an ni kí ó béèrè fún, kí ó sì wo ìwé ìlànà JAMB bóyá ẹ̀kọ́ tí ó fẹ́ wà níbẹ̀.

Fún ẹni tí ó níṣẹ́ lọ́wọ́, Fásitì NOUN, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kàwé láti ilé, ní ibùdó ìkẹ́kọ̀ọ́ ní Kàdúná. Wọ́n kọ́kọ́ dá a sílẹ̀ ní ọdún 1983, ìjọba ológun dá a dúró ní ọdún 1984, ìjọba Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ sì jí i dìde. Ní ìparí ọdún 2017, òfin rẹ̀ yí padà láti mú ìdènà tí ó wà fún àwọn tí ó jáde níbẹ̀ kúrò lórí ọ̀rọ̀ ìsìnlú. Owó ọkọ̀ àti ti ilé gbígbé ni ẹni tí ó bá kàwé níbẹ̀ máa ń pa mọ́ jù. Ohun tí ó gbọ́dọ̀ béèrè ni bí wọ́n ṣe ṣètò iṣẹ́ ìdánrawò lójúkojú, nítorí pé ìgbaninímọ̀ràn kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè kọ́ tán nínú ìwé.

Síwájú díẹ̀, Fásitì Jos àti Fásitì ìpínlẹ̀ Nasarawa ní Keffi ní ẹ̀ka sàíkọ́lọ́jì. Àwọn tí ó bá fẹ́ padà sí ilẹ̀ Yorùbá lè wo Fásitì Ìbàdàn àti Fásitì Ìlọrin, tí àwọn méjèèjì ní ẹ̀ka tí ó dá dúró fún ẹ̀kọ́ ìgbaninímọ̀ràn.

Olùkọ́ tí ó ti ní ìwé ẹ̀rí NCE ní àǹfààní kan tí kò yẹ kí ó fojú fò. Ó lè gba ọ̀nà ìwọlé tààrà sí ọdún kejì ní fásitì, yóò sì dín owó àti àkókò ọdún kan kù nínú mẹ́rin.

Iye tí ẹ̀kọ́ ń náni ní tòótọ́

Owó ilé-ìwé jẹ́ apá kan péré nínú owó ẹ̀kọ́. Kí á fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé. Kí á sọ pé fásitì kan tí ó jìnnà ń gba 100,000 náírà lọ́dún, nígbà tí òmíràn tí ó wà nítòsí ilé ń gba 250,000 náírà. Lójú ẹsẹ̀, ti àkọ́kọ́ dà bí ẹni pé ó dára jù. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ yóò bá san 150,000 náírà fún ilé gbígbé níbẹ̀ lọ́dọọdún, tí yóò sì ná 120,000 náírà lórí ìrìnàjò àti àfikún oúnjẹ, ọdún kan yóò jẹ́ 370,000 náírà. Ọdún mẹ́rin yóò jẹ́ 1,480,000 náírà. Bí ẹni tí ó ń ti ilé lọ bá ná 60,000 náírà lórí ọkọ̀ lọ́dún, tirẹ̀ yóò jẹ́ 310,000 náírà lọ́dún àti 1,240,000 náírà fún ọdún mẹ́rin. Èyí tí ó dà bí ẹni pé ó wọ́n ni ó fi 240,000 náírà dín.

Àkókò náà jẹ́ owó. Ní ọdún 2022, ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ fásitì ti ìjọba gba oṣù mẹ́jọ, láti oṣù Kejì títí di oṣù Kẹwàá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń san owó ilé ní gbogbo àsìkò yẹn kò rí ẹ̀kọ́ kọ́, ọdún tí ì bá fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ sì ti sún síwájú. Kì í ṣe pé kí ènìyàn tìtorí èyí sá fún fásitì ìjọba, nítorí pé owó fásitì aládàáni lè ju agbára ọ̀pọ̀ ìdílé lọ. Ohun tí ó bọ́gbọ́n mu ni kí ó fi àyè sílẹ̀ nínú ìṣirò rẹ̀ fún oṣù mélòó kan tí kò ní lọ bí ó ṣe rò.

Ìrànwọ́ wà fún ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká a. Ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹrin, ọdún 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin owó ẹ̀yáwó fún akẹ́kọ̀ọ́, èyí tí àjọ NELFUND ń bójú tó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún náà. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba ni ó wà fún. Owó ilé-ìwé máa ń lọ tààrà sí àpò ilé-ẹ̀kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ sì tún lè béèrè fún 20,000 náírà lóṣooṣù fún ìnáwó ara rẹ̀. Kò ní èlé. Ọdún méjì lẹ́yìn ìsìnlú ni ìsanpadà ń bẹ̀rẹ̀, bí ẹni náà bá ti níṣẹ́, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ ni yóò sì máa san. Kí akẹ́kọ̀ọ́ rí i dájú pé ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí àjọ náà, nítorí láìsí èyí, ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kò ní kọjá ẹnu ọ̀nà.

Iṣẹ́ ìdánrawò ni ọkàn ẹ̀kọ́ náà

Bí ilé-ẹ̀kọ́ méjì bá jọ ní ìfọwọ́sí, tí owó wọn sì súnmọ́ra, iṣẹ́ ìdánrawò ni kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ṣe òṣùwọ̀n. Ní ibi tí ẹ̀kọ́ ti dúró ṣinṣin, akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ́kọ́ fi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dánrawò. Lẹ́yìn náà ni yóò lọ sí ilé-ìwé tàbí ilé-ìwòsàn, níbi tí àgbà nínú iṣẹ́ yóò ti máa wo bí ó ṣe ń ṣe é, tí yóò sì máa tọ́ ọ sọ́nà. Níbẹ̀ ni yóò ti kọ́ láti gbọ́ ọ̀rọ̀ láìdá ẹlẹ́rọ̀ lẹ́bi, láti pa àṣírí mọ́, àti láti mọ ìgbà tí àṣírí kò ṣe é dá nìkan gbé, bí ìgbà tí ẹnì kan bá sọ pé òun fẹ́ gba ẹ̀mí ara òun. Yóò tún kọ́ láti mọ ohun tí ó ju agbára rẹ̀ lọ, kí ó lè darí ẹni náà sọ́dọ̀ dókítà.

Àpẹẹrẹ kan yóò fi ìdí èyí hàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ohun tí ó dára jù fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìgbèkùn dé ni kí ó jókòó kí ó sọ gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ rí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìwádìí kò ti èrò yìí lẹ́yìn. Fífi ipá mú ẹni náà láti tún ìtàn náà sọ lójú ẹsẹ̀ lè ṣí ọgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nínú ìwé ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2011, ohun mẹ́ta ni wọ́n ní kí olùrànlọ́wọ́ ṣe: kí ó wo àyíká àti ohun tí ẹni náà nílò, kí ó tẹ́tí sí i láìfipá mú un sọ̀rọ̀, kí ó sì so ó pọ̀ mọ́ ẹbí àti ibi tí ìrànwọ́ wà. Ẹni tí ó ra ìwé ẹ̀rí láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò ní mọ èyí, ẹni tí ó wá bá a fún ìrànwọ́ ni yóò sì jìyà àìmọ̀ rẹ̀.

Ọmọ Yorùbá tí ó dàgbà ní Kàdúná ní ohun kan tí kò sí ní owó ilé-ìwé kankan. Ó sábà máa ń gbọ́ Hausa, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹkún bá dé, èdè abínibí ni ènìyàn fi máa ń sunkún. Ìlú tí rògbòdìyàn ti mú kí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì máa gbé ní apá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ń fẹ́ ẹni tí àwọn méjèèjì lè fọkàn tán. Ìmáàmù Muhammad Ashafa àti Pásítọ̀ James Wuye, tí wọ́n jẹ́ ọ̀tá ara wọn tẹ́lẹ̀, ti fi iṣẹ́ wọn ní Kàdúná láti ọdún 1995 hàn pé ó ṣeé ṣe.

Àwọn ìbéèrè tí kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbàgbé

Kí ẹnikẹ́ni tó san owó fọ́ọ̀mù, ó dára kí ó ní ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè wọ̀nyí.

1. Iṣẹ́ wo ni mo fẹ́ ṣe, ṣé dìgírì àkọ́kọ́ tó fún un, àbí ìkejì ń bẹ níwájú?

2. Ṣé NUC fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ yìí gan-an, kì í ṣe fásitì nìkan, ọdún wo sì ni ìfọwọ́sí náà yóò parí?

3. Ṣé ọ̀dọ̀ JAMB ni ìgbàwọlé náà ti ń wá?

4. Èló ni gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́ láti ọdún àkọ́kọ́ títí dé ìparí, pẹ̀lú ilé, ọkọ̀, oúnjẹ àti ìwé?

5. Níbo ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ ìdánrawò, wákàtí mélòó ni, ta sì ni ó ń bójú tó o?

6. Kí ni àwọn tí ó jáde níbẹ̀ ní ọdún méjì tàbí mẹ́ta sẹ́yìn ń ṣe báyìí?

7. Bí owó bá tán lójú ọ̀nà, kí ni ọ̀nà àbáyọ?

Ìbéèrè kẹfà ni àwọn ènìyàn kì í sábà béèrè, bẹ́ẹ̀ ni kò ná wọn ní kọ́bọ̀. Ọjọ́ kan péré tí ènìyàn bá lò nínú ọgbà fásitì, tí ó bá àwọn tí ó wà ní ọdún ìkẹyìn sọ̀rọ̀, lè gbà á lọ́wọ́ àbámọ̀ ọdún mẹ́rin. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ní ọjọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́ yìí yóò jókòó sínú yàrá kan ní Kàdúná. Ọmọ kan tí kì í sùn mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti jí i gbé yóò wọlé, yóò sì jókòó síwájú rẹ̀. Ọmọ náà kò ní béèrè iye tí ó san ní fásitì. Ohun tí ó kọ́ níbẹ̀ nìkan ni yóò wúlò fún un.